Ẹ gbà mí o: fáìlì mónógíráàmù tí mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Iléṣà kò ṣiṣẹ́

Ìyá Ìbejì (Lágéré, Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ káàárọ̀ o. Orí Mac ni mo ti ń ya dísáìnì fún àwọn oní-mónógíráàmù. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi dísáìnì agbádá ọkọ ìyàwó kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń lo Windows ní Iléṣà. Mo di fáìlì .dst náà (irú fáìlì tí ẹ̀rọ mónógíráàmù máa ń kà) sínú zip, mo so ó mọ́ ímeèlì. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Mo tún fi í ránṣẹ́, bákan náà ló rí. Wọ́n wá fi Notepad tí wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ lásán ṣí i, wúruwùru ni wọ́n rí. Sátidé yìí ni ìgbéyàwó! Ṣé ímeèlì ló ń ba fáìlì jẹ́ ni?

Télọ̀ Sábó:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kúkú di í sórí fláàṣì, kí ẹ fi rán onímọ́tò.

Bọ̀dá Ẹ̀rọ (Òkèsà, Iléṣà):
Ẹ má tíì wá onímọ́tò, mà. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kíkà nìkan ni ímeèlì lè gbé; fáìlì bíi tiyín á ti fọ́ lójú ọ̀nà. Àmọ́ MIME, ìlànà tó ń jẹ́ kí ímeèlì lè gbé fáìlì, ti dé láti 1992. Tí ẹ bá so fáìlì mọ́ ímeèlì, báìtì mẹ́ta-mẹ́ta á di lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin, kọ̀ǹpútà tó gbà á á sì tú u padà bó ṣe wà. Ó kàn máa ń wúwo sí i díẹ̀ lójú ọ̀nà ni.

Wúruwùru yẹn náà kò ní kí fáìlì ti bàjẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ DST nìkan ló ṣeé kà: LA: pẹ̀lú orúkọ dísáìnì, lẹ́yìn náà ST:, iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ máa gún aṣọ. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé wọ́n rí LA: lókè? Báìtì mélòó ni fáìlì ọwọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì:
Mo ti pè wọ́n. Kò sí LA: kankan. Báìtì 276 ni. Wọ́n ní inú fódà kan tó ń jẹ́ __MACOSX ni wọ́n ti mú un.

Bọ̀dá Ẹ̀rọ:
Ibẹ̀ gan-an ni, mà! Ìbẹ̀rẹ̀ DST yẹn nìkan, báìtì 512 ni, 276 kò lè jẹ́ dísáìnì láéláé. Mac ló máa ń ti fódà yẹn bọ inú zip, ohun tó ń kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n wo orúkọ fáìlì náà dáadáa, ._ ló fi bẹ̀rẹ̀. Níta fódà yẹn ni tiyín gan-an wà. Kí wọ́n mú ìyẹn, kí iye báìtì ẹ̀ bá ti orí Mac yín mu géérégé. Mo bẹ̀ yín, kí wọ́n má ṣe fi Notepad ṣí i kí wọ́n wá tẹ save. Ìyẹn gan-an ló ń ba fáìlì jẹ́.

Télọ̀ Sábó:
Ẹ kọ àwọ̀ òwú sínú ímeèlì náà o. DST kì í gbé àwọ̀ dání. Ó ti ṣe mí rí: wúrà ni mo fẹ́, búlúù ni wọ́n fi ran ọrùn aṣọ.

Ìyá Ìbejì:
Iye báìtì bára mu! Àbúrò mi, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà. Mo ti kọ ọ́ sí wọn pé wúrà ni. Wọ́n gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ran àpò àyà agbádá lọ.