"Ooru pàtó" kọ́, "ìjẹooru" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú akitiyan èdè. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé ká máa pe specific heat ní "ooru pàtó". Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, kò wọ̀ mí létí. Bí ẹ bá sọ fún ìyá alákàrà pé omi ní ooru pàtó, á bi yín pé èwo ni pàtó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni "pàtó" túmọ̀, kò túmọ̀ nǹkan náà.

Nǹkan náà rèé. Gíráàmù omi kan gbọ́dọ̀ gba ooru júùlù 4.18 (júùlù la fi ń wọn ooru) kó tó lè fi dígíríì kan gbóná sí i. Òróró kò gbà ju nǹkan bí júùlù 2 lọ, irin kò tilẹ̀ gba ìdajì júùlù. Ìdí nìyẹn tí òróró fi ń yá gbóná ju omi lọ lórí iná kan náà. Kí là ń wí nípa ọkọ̀ tí kì í pẹ́ tún yà sílé epo? A ní ó ń jẹ epo. Ẹ̀wà tí kò tètè jinná ńkọ́? A ní ó ń jẹ gáàsì. Omi náà ń jẹ ooru. Mo dábàá "ìjẹooru": ìjẹooru omi pọ̀, ti irin kéré. Ẹni tó bá ní ó jọ ìjẹkújẹ, kó jọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n tún fi "ìwọ̀n ooru" pe ohun tí tẹmómítà ń kà. Ibẹ̀ léwu jù. Ìpẹ́pẹ́ iná tó ta ní ilé alágbẹ̀dẹ gbóná ju omi ìwẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ bó bà léni lọ́wọ́, kò ju kó ta ni lọ. Gárawá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò gbóná tó o, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ ló pọ̀. Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Glasgow ní nǹkan bí 1760, ló là á yé àwọn ará ọ̀hún pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ méjì nílẹ̀: "ìgbóná" ni tẹmómítà ń kà, "ooru" ni nǹkan ń gbà sára.

Ẹ jẹ́ ká fi dán an wò. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ ooru tó wà nínú ẹ̀pà: ó fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀pà kan, ó ṣáná sí i lábẹ́ agolo tí omi gíráàmù 100 wà nínú rẹ̀. Ká ní ìgbóná omi fi dígíríì 10 lé. 100 lọ́nà 4.18 lọ́nà 10 jẹ́ júùlù 4,180, ìyẹn bíi kílókálórì kan. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà ìdajì gíráàmù ní tó kílókálórì 2.8 nínú. Ìyókù bá afẹ́fẹ́ lọ, agolo sì jẹ tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́?

"Okun" tí ẹ̀gbọ́n lò fún ohun tí wọ́n wọ̀n yìí, ìyẹn energy inú oúnjẹ, ni mi ò lè gbà. Èèpo igi náà ń jó, a ó sì rí ooru rẹ̀ wọ̀n, ṣùgbọ́n ta ló jẹ èèpo igi tó lókun? Wilbur Atwater, onímọ̀ nípa oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, ní ìparí ọ̀rúndún 19, yọ ohun tó bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde kúrò kó tó kọ kílókálórì 4 fún gíráàmù sítáàṣì, 9 fún ti ọ̀rá. Ká fi "agbára" sílẹ̀ fún ohun tí iná rí, "okun" fún ohun tí ara rí. Àní "afúnnilókun" tí ìwé ilé-ìwé wa fi ń pe iṣu àti gàrí ti ń ṣini lọ́nà, nígbà tí ọ̀rá ń fúnni ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ.

Ó ku ìkòkò irin tí wọ́n ń fi ọ́síjìn kún, tí wọ́n ń dì pa, tí wọ́n ń rì sínú omi kí wọ́n tó dáná sun oúnjẹ nínú rẹ̀ láti wọn ooru rẹ̀, bomb calorimeter lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó pè é ní "àdó olóró ìwọnooru", ẹ dákun, ẹ yí i padà. Ọmọ tó bá délé sọ pé àdó olóró làwọn lò ní kíláàsì lónìí, àwọn òbí rẹ̀ á ti dúró sẹ́nu géètì kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. "Ìkòkò àdìpa" tó mi.