Wọ́n ti ṣí òrùlé ilé ìdáná mi, aládùúgbò ti gbé fóònù jáde

Ìyá Ìbejì, Dagenham: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà nítòsí? Àyà mi ń já. Ilé ìdáná tí ẹni tó ta ilé fún wa kọ́ mọ́ ẹ̀yìn láyé ọjọ́un, àjà rẹ̀ wálẹ̀ débi pé orí Bàbá Ìbejì máa ń kan gílóòbù. A ní kí bíldà gbé e sókè díẹ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n ti ṣí òrùlé, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù ìlà méjì lé ògiri. Ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ wa yọjú, ó ya fọ́tò, ó ní káńsù máa gbọ́. Bíldà ní kí n má dá a lóhùn. Ṣé kí n dá wọn dúró ni? Òjò sì ti ń ṣú.

Bọ̀dá Rẹ̀mí, Manchester: Ẹ dá wọn dúró, ẹ mú tépù. Tí ògiri yẹn ò bá jìnnà tó mítà 2 sí ààlà, etí òrùlé ò gbọdọ̀ ju mítà 3 lọ, àfi tí ẹ bá ti gba planning, ìyẹn àṣẹ ìkọ́lé láti ọwọ́ káńsù. Láti ilẹ̀ ìta ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe láti orí táìlì inú ilé! Bíldà mi wọ̀n ọ́n láti inú, ó ní a ò tíì dé 3. Ọkùnrin káńsù na tépù tirẹ̀ níta, 3.2. Odidi ìlà búlọ́ọ̀kù kan la fi òòlù wó, lẹ́yìn tí a ti tẹ́ félìtì tó ń bo òrùlé kómi má wọlé tán.

Àlájì Barking: Ẹ má dẹ́rù ba obìnrin yìí. Ilé tó ti lé lọ́dún mẹ́rin, káńsù ò lè fọwọ́ kàn án.

Àǹtí Fúnkẹ́, Leeds: Àlájì, ọdún mẹ́rin yẹn ti lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n bá parí láti 25 April 2024 síwájú, ọdún 10 ni ní England. Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ọjọ́ orí ògiri àtijọ́ lè gba tuntun sílẹ̀? Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò láàárọ̀ yìí, àárọ̀ yìí ni wọ́n bí i.

Àlájì Barking: Mo gbé tèmi sókè ní 2017, ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ṣé ẹ ti fẹ́ tà á?

Àlájì Barking: Rárá.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ ṣì máa gbọ́. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ ra tiwa bèèrè ìwé building control, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò. Mo fi ti planning hàn án, ó ní ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni: àwọn kan ń wo bó ṣe ga tó, àwọn kan ń wo bóyá yóò wó lé yín lórí. La bá lọ ń bẹ̀bẹ̀ regularisation, ìwé tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe láìgbàṣẹ. Ọkùnrin náà dé, ó ní ká gbẹ́ ihò sẹ́bàá ògiri kí òun rí ìpìlẹ̀, ká tún dá àjà lu kí òun rí fóòmù tó ń dí òtútù. Àjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn! Eruku funfun ń bọ́ sórí irun tí mo dì lánàá, mo kàn ń wò ó ni.

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Ìyá Ìbejì, ta ló wo ìpìlẹ̀ yín?

Ìyá Ìbejì: Bíldà ní ó lágbára.

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Kí ló fi mọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó fẹsẹ̀ gbá ògiri.

Túndé, Glasgow: Ẹsẹ̀!! 😂😂 Ní Scotland níbí, building warrant, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, gbọ́dọ̀ jáde kéèyàn tó fọwọ́ kan bíríkì. Ẹ̀yin ará England, ẹ ó ti wó o tán kí ẹ tó bèèrè.

Màmá Àdùkẹ́, Birmingham: Ẹ wo fèrèsé òkè o. Tiwa, a gbé òrùlé títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan abẹ́ fèrèsé yàrá ọmọ. Lead, òjé tí wọ́n fi ń dí ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, tó yẹ kó gun ògiri ní 150mm, ó ku 50 tó ráàyè. Òjò àkọ́kọ́ tó bá atẹ́gùn wá, omi gba abẹ́ fèrèsé wọlé, ó ń ṣàn lára ògiri bí òógùn. Dúdú rẹ̀ yọ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí a sì fi fóòmù 150mm sí i tán, sẹ̀ńtímítà mẹ́rin péré ni àjà fi ga ju ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń tẹrí ba wọlé ìdáná.

Àlájì Barking: Kó máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kò burú, ẹ̀yin náà kúkú ń kúnlẹ̀ kí i.

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Ẹ̀yin ará London, ẹ tiẹ̀ ní òjò ni? Ẹ wá sí Manchester kí ẹ wá wo òjò.

Túndé, Glasgow: Manchester kẹ̀? Ìrì lẹ̀ ń pè lójò.

Màmá Àdùkẹ́: Òjò orí páànù ni mo ń ṣàárò rẹ̀. Nílé wa, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, Bàbá ò lè bá wa wí mọ́. Ẹ̀ẹ́ rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Níbí, òjò á rọ̀ mọ́jú, fóòmù á gbé ohùn rẹ̀ mì.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ẹ ti jẹ́ kí n fẹ́ sunkún níbi iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti wọ̀n ọ́n níta. 2.9. Ṣé igi òrùlé wà nínú mítà 3 yẹn?

Bọ̀dá Rẹ̀mí: Igi, pákó, fóòmù, félìtì, gbogbo rẹ̀. Orí félìtì ni wọ́n máa ń wọ̀n dé.

Ìyá Ìbejì: Yéè.

Àǹtí Fúnkẹ́: Ògiri yẹn gan-an, ṣé orí ààlà ló jókòó sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù méjì ṣáájú iṣẹ́ ló yẹ kí ìwé party wall, ìwé ìkìlọ̀ lórí ògiri àjọni, ti dọ́wọ́ ìyá òyìnbó yẹn.

Ìyá Ìbejì: Mi ò mọ̀ o. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní tapólì ńlá nítòsí?

Àlájì Barking: Mo ń gbé tèmi bọ̀. Ẹ sọ fún bíldà kó má tún gbá ògiri kí n tó dé.