Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kíláàsì àdìrẹ fún àgbàlagbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé àṣà kan ní Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n ṣètò kíláàsì àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún àgbàlagbà, Sátidé nìkan. Àwọn tísà àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àsìkò ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìyẹ yà sára aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ inú aró, aró ẹlú fúnra rẹ̀ sì ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ìkòkò kó tó ṣeé lò. Wákàtí mẹ́ta péré sì ni kíláàsì kan! Ṣé ká ya aṣọ ní Sátidé kan, ká rẹ ẹ́ láró ní èkejì? Àbí ká fi àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi okùn ìko di, bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan mú lọ sílé lọ́jọ́ náà? Èmi ò fẹ́ràn aró kẹ́míkà, àmọ́ ó máa ń yára ju ẹlú lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ta ló ń ra aṣọ funfun, ẹ̀yin ni àbí akẹ́kọ̀ọ́? Àwọn tí orúnkún ń dùn ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ìkòkò?