Mo dá oògùn ọkàn dúró lọ́jọ́ Ẹtì, àyà mi ò balẹ̀ mọ́

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò rí oorun sùn lálẹ́ àná.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo atenolol, mílígíráàmù 50, ẹyọ kan láràárọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́, irọ́ ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ìka ọwọ́ mi a máa tutù bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ omi yìnyín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 124/78. Mo ní ṣebí ara ti yá nìyẹn. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mi ò ti lò ó mọ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo ṣàdédé ń gbọ́ ọkàn mi nínú etí. Ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mo gbé omorogùn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi rà fún mi ka 168/102, ọkàn sì ń lù ní ìgbà 112 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé oògùn yìí ti di bárakú sí mi lára ni, bíi sìgá? Tí mo bá forí tì í ńkọ́, ṣé kò ní í lọ?

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ fún ewúro, ẹ fi aáyù díẹ̀ sí i, ẹ máa mu ún láàárọ̀. Oògùn òyìnbó ti pọ̀ jù.

Apòògùn, Abẹ́òkúta
Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ewúro. Ìyá Ìbejì, ṣé àyà ń dùn yín? Ṣé ó ń fún yín pinpin, àbí ó ń ta dé apá tàbí àgbọ̀n? Ṣé èémí ò já gaara? Ṣé òòyì ń kọ́ yín? Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn báyìí-báyìí. Ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín.

Kì í ṣe bárakú. Oògùn ìdílé beta-blocker, tí atenolol yín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, máa ń dí ọkàn létí ni, kó má baà gbọ́ igbe adrenaline, ohun tó ń mú àyà lù kìkì bí ẹ̀rù bá bani. Bí ẹ ti ń dí i fún ọdún mẹ́ta, ọkàn náà ń hu etí kún etí. Ẹ wá yọ òwú náà lójijì, gbogbo etí jọ gbọ́ igbe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdajì atenolol a máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 7, ìdí nìyẹn tí kò fi pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má forí tì í rárá. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ bá ti há, ó lè di ìkọlù ọkàn fún un, ẹ ò sì lè fojú lásán mọ̀ bóyá tiyín ti há. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín oògùn yìí kù, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ má sì gbé mẹ́ta mì pọ̀ láti fi san gbèsè àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ fò o! Ẹ lọ rí dókítà yín lónìí.

Ọmọ Ìlá, Peckham
Ikọ́ fée ni wọ́n torí ẹ̀ dá bisoprolol ọkọ mi dúró, beta-blocker lòun náà. Láti mílígíráàmù 5 ni wọ́n ti gbé e wá sí 2.5, ó di 1.25, kí wọ́n tó ní ó tó. Ó ráhùn títí, ó ní wọ́n ń fi òun ṣeré. Ẹ sọ ti ọwọ́ tútù yẹn fún dókítà, mọ̀mí. Oògùn mìíràn wà.

Bàbá Àgbà, Ìjẹ̀bú
Mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ ṣé o, mo ti dé. Wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà, wọ́n ya bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ní kò tíì bàjẹ́. Dókítà bú mi díẹ̀, ó sì tọ́ sí mi. Ó ní kí n padà sí 50, kí n wá lọ́sẹ̀ méjì sí i, nígbà náà la ó bọ́ sí ìdajì, òun á sì fi amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, rọ́pò rẹ̀.

Mo fi abẹ dán ìdajì náà wò nílé, ẹyọ kan fọ́ wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń la oògùn. Ẹni tó bá mọ kẹ́míìsì tó ń tà á ní Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.