Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tẹ́ǹtì ọ̀gbìn mi ti di ààrò búrẹ́dì

TíṣàKàbà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ooru yìí.

Tíṣà ni mí, Kàbà ni mò ń gbé. Mo ra tẹ́ǹtì ọ̀gbìn kékeré kan, àgọ́ aṣọ tí wọ́n ń tọ́ ewéko sí lábẹ́ iná, sínú yàrá, 60 sẹ̀ǹtímítà sí 60, ó ga ní 140. Iná LED oníwáàtì 100 ló wà lókè inú rẹ̀. Ọmọ tòmátì àti ata rodo ni mò ń tọ́ níbẹ̀ fún títà, mo sì fi lẹ́tùùsì díẹ̀ kún un fún ẹnu ara mi. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ìdí tí n kò fi gbìn ín síta: ewúrẹ́ àdúgbò wa kì í jẹ́ kí ewé ó rí ọjọ́ kejì.

Wàhálà mi rèé. Lánàá, ní aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru kà 34 nínú yàrá, ó kà 39 nínú tẹ́ǹtì. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti gbin lẹ́tùùsì, ẹyọ kan ò hù. Ewé tòmátì ń ká bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ká ẹní. Fáànù kọ̀ǹpútà méjì ni mo so mọ́ ọn, ọ̀kan ń fẹ́ wọlé, èkejì ń fẹ́ jáde. Abẹ́ páànù ni yàrá mi wà, sílìn rẹ̀ ò sì nípọn. Ẹ má dárúkọ AC fún mi o, owó tíṣà ni mò ń gbà. Kí ni kí n rà? Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Ìyàrà
Tẹ́ǹtì, iná ńlá, yàrá tí wọ́n tì pa. Tíṣà, ṣé tòmátì nìkan ni ṣá? 😂

TíṣàKàbà
Tòmátì ni o! Ẹ má bá mi pe ọlọ́pàá.

Àgbẹ̀Ìsánlú
Okun, Tíṣà. Ohun kan wà tó gba ẹ̀ẹ̀rùn méjì lọ́wọ́ mi kó tó yé mi, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lónìí: tẹ́ǹtì kò lè tutù ju yàrá tó ti ń fa afẹ́fẹ́ lọ. Fáànù kì í sọ nǹkan di tútù. Ó kàn ń kó afẹ́fẹ́ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni. Bí yàrá bá wà ní 34, so fáànù mẹ́wàá mọ́ ọn, inú tẹ́ǹtì ò ní lọ sísàlẹ̀ 34. Nítorí náà, ìṣòro méjì lo ní, má pò wọ́n pọ̀. Digrí márùn-ún tí tẹ́ǹtì fi ju yàrá lọ, fáànù lè bá ọ gbé e. 34 yẹn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrá ni.

Ká mú ti márùn-ún. Iná oníwáàtì 100 ń tú ooru wáàtì 100 sínú àpótí tí kò ju nǹkan bí ìdajì mítà kúbíìkì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé àti ara tẹ́ǹtì gbà náà, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Fáànù kọ̀ǹpútà kò lágbára bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Tó bá kó mítà kúbíìkì 45 jáde ní wákàtí kan, inú tẹ́ǹtì á ṣì fi digrí mẹ́fà sí méje gbóná ju yàrá lọ. Fáànù oníhò ínǹṣì mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ilé ìwẹ̀, tó bá kó 180, ìyàtọ̀ náà ò ní pé digrí méjì. Òun ni kó o rà, ẹyọ kan péré. Òkè ni kó o fi sí, torí òkè ni ooru ń lọ. Yọ èyí tó ń fẹ́ wọlé, ṣí ojú nẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá fúnra rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ara tẹ́ǹtì á wọnú díẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín mọ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé: páìpù gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú YÀRÁ. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń tú ooru láti inú tẹ́ǹtì sínú yàrá, tí tẹ́ǹtì tún ń fà á mu padà. Ìgbà tó yá ni mo gé pákó pẹlẹbẹ bo ìdajì fèrèsé, mo lu ihò sí i, mo ti páìpù síta. Jẹ́ kó kúrú, kó sì tọ́. Ibi tó bá ti tẹ̀ kọdọrọ ló ti ń jẹ agbára fáànù.

Ó tún ku kékeré kan. Wo àpótí irin kékeré tó ń bọ́ iná LED yẹn. Bí wáyà rẹ̀ bá gùn tó, gbé e síta tẹ́ǹtì. Mo fọwọ́ kan tèmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi ló sáré wọlé wá wo ohun tó ṣe mí.

Onísólà_Mopa
Bàbá Ìsánlú ti sọ ojú abẹ níkòó. Ìbéèrè tèmi ò gùn: kí ni iná ń tàn fún ní aago méjì ọ̀sán? Òru ni kó o sọ di ọ̀sán fún wọn. Tàn án ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, pa á ní mẹ́jọ àárọ̀, kí òkùnkùn wọn bọ́ sí àsìkò tí oòrùn ń jó páànù. Kò sí kọ́bọ̀ tó jáde lápò rẹ.

Má wá sọ pé o fẹ́ máa tàn án tọ̀sán-tòru o. Tòmátì kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀, ewé rẹ̀ á pọ́n. Wákàtí 14 sí 16 tó o.

TíṣàKàbà
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Àmọ́ wọ́n lè má mú iná wá rárá. Ládùúgbò wa, ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ká tó rí i, ó sì máa ń lọ nídàájí. Ṣé báttìrì 12 fóòtì, 100 àmúpéè-wákàtí, lè gbé e?

Onísólà_Mopa
Jẹ́ ká ṣírò ó. Wáàtì 100 fún wákàtí 14 jẹ́ 1,400. Báttìrì rẹ, lórí ìwé, 1,200 ni. Bó bá jẹ́ báttìrì olómi, má fà á kọjá ìdajì tó o bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn 600. Kò lè gbé e.

Ohun tí màá ṣe ni pé kí n dín iná kù sí wáàtì 60, bó bá ní bọ́tìnnì ìdínkù. Ọmọ tòmátì ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní tẹ́ǹtì tó kéré báyìí, ooru náà á sì dín pẹ̀lú rẹ̀. Iná ìjọba á gbé ti aago mẹ́wàá sí ìdájí, báttìrì á gbé wákàtí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti díẹ̀ láàárọ̀. Kí fáànù jẹ́ oní-12 fóòtì, kó wà lórí báttìrì tààrà, torí bí iná ilé bá rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, fáànù onínáa-ilé á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé.

Lọ́kọ́ja_Ló_Gbóná
Ẹ̀yin ará Kàbà ń ráhùn lórí 34! Ẹ wá sí Lọ́kọ́ja lóṣù kẹta, ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, tí Òkè Patti sì dí wa lẹ́yìn. Alẹ́ gan-an ò tutù níbí. Èmi ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí. Ní oṣù kejì sí ìkẹrin, mo máa ń ká tẹ́ǹtì mi ni, màá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, màá lọ sinmi. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ló ń pa owó fún mi. Kì í ṣe gbogbo ogun lèèyàn ń jà.

Ìyá_Ẹléwé
Lọ́kọ́ja, sinmi jàre. Tíṣà, ọmọ mi, ìwọ gba àpò kókó kan, fọ̀ ọ́ dáadáa, fi omi rin ín, fi kọ́ sí iwájú ojú nẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Fi etí rẹ̀ kan sínú báṣíà omi, yóò máa mu ún. Kí nìdí tí omi inú àmù fi ń tutù? Omi tó ń gba ara ìkòkò jáde tó ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Ọgbọ́n kan náà ni tíṣà kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, lò tó fi ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó da iyanrìn tútù sáàárín wọn kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000 lórí rẹ̀.

Ti lẹ́tùùsì: kò sí ohun tó ṣe irúgbìn rẹ, ooru ló mú un sùn. Bí ilẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí 30, kì í fẹ́ hù. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, gbìn ín ní ìrọ̀lẹ́, kó o gbé àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe inú tẹ́ǹtì. Tó bá yọrí tán ni kó o gbé e wọlé.

Onísólà_Mopa
Màmá, àpò kókó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí i. Lásìkò ọ̀yẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú, ká ní ooru jẹ́ 35, tí ọ̀rinrin jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí omi lè fà á dé sún mọ́ 19. Àpò ò ní fà á dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kódà ìdajì ọ̀nà, ọpẹ́ ni. Tí òjò bá ti dé ńkọ́? 30 pẹ̀lú ọ̀rinrin 85, kò lè lọ kọjá 28. Ìgbà yẹn, ẹ̀fúùfù lásán ni, ìdí ọmọ ewéko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Má sì gbé àpò tútù sínú tẹ́ǹtì tàbí sórí wáyà. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbé tirẹ̀ sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìfàgùn. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ọmọ_Ìyàrà
Ìgò omi dídì ńkọ́? Ẹnìkan ní kí n máa gbé méjì sínú tèmi.

Àgbẹ̀Ìsánlú
Ìgò lítà kan ààbọ̀ tó dì gbagidi, yíyọ́ rẹ̀ á gba ooru iná Tíṣà fún nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Lẹ́yìn náà, o padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ máa jí lóru pààrọ̀ ìgò? Bí fírísà bá sì wà nínú yàrá kan náà, òun náà ń tú ooru síbẹ̀.

Tíṣà, ó kù 34 tí mo sọ. Ṣé kò sí ilé alámọ̀ kankan ní agboolé yín? Yàrá bàbá mi àgbà ní Ìsánlú, ògiri rẹ̀ nípọn tó gígùn apá mi láti ìgúnpá dé ìka. Tí ìta bá ń jó, ìwọ á fẹ́ da aṣọ bora níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kó tẹ́ǹtì mi lọ. Ọ̀sán, a ó ti fèrèsé, òru, a ó ṣí i. Kò sí fáànù tó ṣe ohun tí ògiri yẹn ṣe fún mi.

Ọmọ tí wọ́n ń tọ́ fún títà ò nílò 24 bí ti òyìnbó, 30 ò pa á. Ẹni tó bá fẹ́ kí tòmátì so nínú tẹ́ǹtì ló máa sunkún, torí bí òru bá gbóná, òdòdó á kàn máa já dànù ni.

TíṣàKàbà (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)
Okun o. Mo padà wá jábọ̀.

Mo ra fáànù ínǹṣì mẹ́rin oní-12 fóòtì, mo ti páìpù gba fèrèsé jáde. Mo dín iná kù sí 60, òru ni mo sì ń tàn án. Yàrá ìyá bàbá mi, alámọ̀, tó ti di ibi ìkó-iṣu-sí, ni mo tọrọ. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ máa rí ata rodo gbà lọ́wọ́ mi. Lánàá ní aago méjì ọ̀sán, tí iná wà ní pípa, 29 nínú yàrá, 29 nínú tẹ́ǹtì. Ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí iná ń tàn, 27 nínú yàrá, 28 àti díẹ̀ nínú tẹ́ǹtì. N kò tíì lo àpò kókó rárá. Lẹ́tùùsì ẹ̀gbẹ́ àmù, 17 ti yọ nínú 20. Ìyá, ẹ ṣeun.

Ara tẹ́ǹtì ti wọnú bí ẹ ṣe ní, Bàbá. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní ó jọ ẹnìkan tí òun mọ̀.

Ọmọ_Ìyàrà
Páìpù tó jáde síta fèrèsé yẹn, ṣé ewúrẹ́ ò tíì jẹ ẹ́?

TíṣàKàbà
Ó ti tọ́ ọ wò. Mo ti fi wáyà onínẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀.