Omíyalé lé wa kúrò ní Maiduguri, a ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ẹ̀tọ́ wa bá omi lọ ni?

Ìyá Aláǹkárá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ti di opó. Ǹkárá ni mò ń tà ní Monday Market. Iná jó ọjà náà ní oṣù kejì ọdún 2023, ọjọ́ kejì tí a dìbò Ààrẹ. Gbèsè ẹrù tó jóná yẹn ni mo ṣì ń san lọ́wọ́ tí dáàmù Alau fi ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Òru ni omi wọ Gwange, àdúgbò wa. Mo kó àwọn ọmọ, mo mú fóònù àti bíńtín owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Àpótí tí gbogbo ìwé wà nínú rẹ̀, omi ló gbé e.

A kọ́kọ́ sùn ní àgọ́ Bakassi, èyí tí wọ́n ti tì pa ní 2021 tí wọ́n tún wá ṣí nítorí omi. Àbúrò bàbá mi ló ní ká máa bọ̀ nílé. Ọlọ́run á san án fún un, yàrá kan ló yọ̀ǹda fún wa.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọ̀gá iléèwé ìjọba kan níbí kò gba àwọn ọmọ mi, ó ní kí n lọ mú ìwé ìjẹ́rìí wá láti iléèwé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ìwé ilẹ̀ ọkọ mi ti lọ, àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ sì ti ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí n kò ti rí ìwé fi hàn, kí n gbàgbé ilẹ̀ náà. Ẹnì kan tó ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́ tún sọ fún aládùúgbò mi pé ẹni tó bá ti lọ sílẹ̀ Yorùbá kò sí lára àwọn tí omi lé mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí?

Ọmọ Takie

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹ ti wálé. Ilé bàbá yín lẹ wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lábẹ́ tapólì nínú àgọ́ rí ìrànwọ́ yẹn gbà.

Àbẹ̀ní Òfin

Màmá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi òfin ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Takie lóhùn, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tiẹ̀ béèrè ohun tó tọ́ sí wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Kampala ní ọdún 2009, wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí àwọn tí wàhálà lé kúrò nílé láìkúrò ní orílẹ̀-èdè wọn. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2012. Nínú àdéhùn yẹn, ẹni tí ogun lé àti ẹni tí omíyalé lé, ọgbọọgba ni wọ́n. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ó di dandan kí èèyàn máa sùn nínú àgọ́. Tí ẹbí bá gbà yín sílé, ẹbí ló ṣe yín lóore, ìyẹn ò sọ pé kí ìjọba pa iṣẹ́ tiẹ̀ tì.

Abala 13 rẹ̀ gan-an dà bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ nítorí yín. Ó ní kí ìjọba bá ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù ṣe òmíràn, láìfi dandan lé e pé kó padà síbi tó ti sá wá kó tó lè rí i gbà. Ó tún ní obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé lórúkọ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé Kampala lọ bá ọ̀gá iléèwé o! Ìwé òfin wa ti 1999, abala 12, sọ pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára òfin nílé àyàfi tí àwọn aṣòfin Àbújá bá sọ ọ́ di òfin. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2021 lórí ọ̀rọ̀ yìí náà, ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Èyí tí ẹ máa gbé lọ ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004, tó ní dandan ni ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹta girama, ọ̀fẹ́ sì ni níléèwé ìjọba. Ẹ ní kó dán àwọn ọmọ wò kó lè mọ kíláàsì tó yẹ wọ́n. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ní kó kọ ìdí rẹ̀ sórí ìwé, kó sì fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í yá sí ìyẹn. Láti ibẹ̀, ó di ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ní ti ìwé, ẹ lọ búra ní kóòtù gíga pé omi ló gbé wọn lọ, ẹ dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá mọ́ ọn. Nọ́ńbà NIN yín kò yí padà, ẹ kàn máa tún un tẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀rí WAEC tó bá sọnù, àwọn fúnra wọn ní ètò tí wọ́n fi ń jẹ́rìí èsì. Káàdì ìdìbò, ẹ ní kí INEC gbé ibi ìdìbò yín wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ń lọ.

Ilẹ̀ ló le jù. Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Ta ló sì jẹ́rìí nígbà tí ọkọ yín ra ilẹ̀?

Bàbá Kumasi

Ìyá Aláǹkárá, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wálé láti Ghana ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdajì àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti Ghana dé. Bàbá mi ní ilé ní Kumasi, ó ní ìsọ̀, àwọn èèyàn jẹ ẹ́ lówó. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tí àwọn kan padà lọ wò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ààlà ilé wa dé.

Nítorí náà, kí o tó sùn lálẹ́ yìí, mú ìwé àti bírò. Ya ilẹ̀ yẹn. Kọ orúkọ ẹni tó wà lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́yìn. Kànga wà níbẹ̀? Igi dọ́ńgóyárò wà níbẹ̀? Fi wọ́n sí i. Ìwọ Ọmọ Takie, nígbà tí a dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ayé ìgbà yẹn ń pè wá ní ará Ghana níléèwé. Ìyẹn ni wálé tí ò ń wí.

Ìyá Aláǹkárá

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, torí ohun tí wọ́n ń ṣe fún tèmi náà nìyẹn. Haúsá ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu jù. Èyí àbúrò kí tíṣà ní “ina kwana”, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Iléèwé aládàáni kan ló gbà á fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bá mi dì ǹkárá ní ọjà, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ.

Anti Àbẹ̀ní, kóòtù ni a ti ṣègbéyàwó, ní Maiduguri níbẹ̀. Búlámà, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò wa, ló jẹ́rìí sí ilẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Àbẹ̀ní Òfin

Ọ̀nà ti là nìyẹn! Àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó kóòtù máa wà lọ́wọ́ àwọn tó so yín pọ̀. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀. Òun lẹ máa fi bẹ kóòtù gíga ìpínlẹ̀ Borno kí wọ́n fún yín ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí ọkọ yín fi sílẹ̀. Àjọ Legal Aid lè bá yín ṣe é láìgba owó, nítorí ó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fẹjọ́ ẹni tó ń kọ orúkọ yẹn sun àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà. Ẹ jẹ́ kí aládùúgbò yín kọ ohun tó gbọ́ àti ọjọ́ tó gbọ́ ọ.

Ọmọ Gwange

Mo ṣì wà ní Maiduguri. Àwa tí omi yẹn lé jáde lé ní 400,000, ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ sì wó pátápátá débi pé ojú ọ̀nà gan-an ti dàrú. Màmá, ẹ má pẹ́. Àwọn kan ti ń kó búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ tí wọn kò rí olówó rẹ̀. Búlámà máa ń jókòó síta lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lè lọ bá a kó kọ lẹ́tà pé òun mọ ọkọ yín mọ ilẹ̀ náà. Ẹ fi orúkọ tó wà lórí ìwé àti àwòrán tí Bàbá ní kẹ́ ẹ yà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.