Kí ló ń pa ẹ́ńjìnnì Merlin bí bàálù bá dorí kodò lójijì?

Mẹkáníìkì Ọláìyá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀kadà ni mo ń tún ṣe nítòsí oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ bàálù kì í sì ṣe iṣẹ́ mi, àmọ́ ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo kà á pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1940, bí awakọ̀ Spitfire tàbí Hurricane ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá dorí bàálù rẹ̀ kodò lójijì láti lé ọ̀tá, ẹ́ńjìnnì Merlin inú rẹ̀ a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, Messerschmitt àwọn ará Jámánì a sì ti sá lọ. Báwo ni ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 1,030 ṣe lè ní irú àléébù bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi lásán náà ni wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ rẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì:
Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gá mẹkáníìkì. Kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni ẹjọ́ náà wà, ẹ̀yin gan-an sì mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Bí epo bá ti kún dé ìwọ̀n nínú àwo kabúrétọ̀, flótì tó léfòó lórí rẹ̀ ni yóò ti abẹ́rẹ́ dí ojú ihò tí epo ń gbà wọlé, gbogbo ètò yìí sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ìsàlẹ̀ ni epo yóò máa wà. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bàálù bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójijì, ohunkóhun tí a kò bá so mọ́lẹ̀ ni yóò fò sókè, àti epo pẹ̀lú. Epo á lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé àwo, ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mu epo nísàlẹ̀ á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á sì kọ́kọ́ húkọ́ nítorí ebi. Èyí tó tẹ̀ lé e ló burú jù: flótì fúyẹ́ ju epo lọ, nítorí náà epo tó ti gba òkè á tì í lọ sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ á fi ojú ihò sílẹ̀ gbayawu, púńpù á sì máa da epo sí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi mu àmujù, tí èéfín dúdú á máa rú jáde.

Àwọn ará Jámánì kò ní wàhálà yìí, nítorí pé ẹ́ńjìnnì DB 601 wọn ń fọ́n epo sínú sìlíńdà tààrà. Síbẹ̀, kí a má pe àwọn ẹlẹ́rọ Rolls-Royce tó ṣe Merlin ní òpè o. Epo tó bá ti ara kabúrétọ̀ wá máa ń tu afẹ́fẹ́ lára kí ó tó wọ sìlíńdà, afẹ́fẹ́ tó tutù a sì fún pọ̀ ju èyí tó gbóná lọ, agbára ni wọ́n sì ń rí níbẹ̀.

Ọmọ Ìgbọ̀nà:
Olùkọ́ ti là á yé wa. Obìnrin kan, Beatrice Shilling, ẹlẹ́rọ ní ibùdó ìwádìí bàálù ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá nǹkan ṣe sí i lọ́dún 1941. Inú ẹ̀yin ọlọ́kadà yóò dùn láti gbọ́ pé obìnrin yìí ti gun alùpùpù Norton yí pápá ìdíje Brooklands ká ní eré tó ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan. Páànù kékeré tó ní ihò láàárín ni ó fi sí ojú ọ̀nà epo, ihò náà kò sì fẹ̀ ju èyí tí epo tí ẹ́ńjìnnì nílò nígbà tó bá ń sáré tete lè gbà kọjá. Bí abẹ́rẹ́ bá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ pátápátá, epo kò lè ya wọlé mọ́. Wọn kò ní láti kó bàálù lọ sí ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó fi sí i. Òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń lọ láti ibùdó dé ibùdó. Kò wo àìsàn náà sàn tán, nítorí pé húkọ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n ti àmujù ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ní ti rédíétọ̀, kì í ṣe omi lásán o. Glycol (kẹ́míkà olómi kan) pọ́nńbélé ni àwọn Merlin ìbẹ̀rẹ̀ ń lò, nítorí pé kì í tètè hó bí omi, rédíétọ̀ kékeré a sì tó o. Àmọ́ ó máa ń jò, ó sì lè gbiná. Nígbà tí Merlin XII inú ẹ̀yà kejì Spitfire dé, omi 70 nínú 100 ni wọ́n ń pò mọ́ glycol 30, wọ́n sì ń ti gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ìfúnpá kí ó má baà hó.

Mẹkáníìkì Ọláìyá:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ flótì tó ń lọ sísàlẹ̀ yẹn kò kọ́kọ́ wọ̀ mí létí, ni mo bá ju flótì ògbólógbòó kan sínú ike tí ojú ń rí inú rẹ̀, mo bu omi sí i dé ìdajì, mo dé e pa, mo sì dà á kodò. Omi rọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ìdérí, flótì sì sún kúrò níbẹ̀, ó gba ọ̀nà ìdí ike lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n tún un ṣe kí òun rí i dáadáa.